Ẹ̀ka físíìsì méjì ló gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé: ẹ bá mi dá sí i

Atọpinpin

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Mo ti gboyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì, yunifásítì méjì sì ti kọ̀wé sí mi pé àwọn gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Ńlá, ká pe èkejì ní Kékeré.

Olùkọ́ tó wà ní Ńlá lé ní ogójì. Ẹ ò ní tíì ka gbólóhùn kan lójú ewé wọn tí àmì àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ti kún ojú yín, ti CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ti Yúróòpù, ló tóbi jù. Wọ́n wà nínú ATLAS, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìwádìí ńlá tó wà níbẹ̀, orúkọ àwọn èèyàn wọn sì máa ń jáde lórí ìwé ìwádìí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà mí ti ní akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé mọ́kànlá lọ́wọ́ báyìí.

Ní Kékeré, olùkọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Iṣẹ́ wọn tó gbóná ni fíìmù tín-ín-rín tí wọ́n ń tẹ́ sórí gíláàsì fún sẹ́ẹ̀lì oòrùn, àti ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ń tì í lẹ́yìn. Wọ́n máa ń gbé fíìmù wọn lọ sí sínkírótírọ́ọ̀nù kan, ẹ̀rọ olóbìrí ńlá tó ń tan X-ray tó lágbára, nílẹ̀ òkèèrè láti lọ fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò. Olórí ẹ̀ka náà sọ fún mi pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ló ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní láàbù fún odidi ọdún méjì, pé kò sí ẹni tí wọ́n ń yọ sílẹ̀.

Dádì mi ní kí ni mo tún ń rò, pé orúkọ ńlá ni orúkọ ńlá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: tí orúkọ èèyàn bá wà láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orúkọ, ṣé ó já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́? Àti pé ìkọ́ni ọdún méjì yẹn, ṣé kò ní jẹ ìwádìí mi run? Ẹ gbà mí o.

---

Sáré_Tete

Ńlá. Ẹni tó ń yẹ ìwé ìwáṣẹ́ wò kì í kà á ju ìlà mẹ́ta lọ. Tó bá ti rí CERN, á dúró. Ọ̀rọ̀ tán.

---

Bàbá_Láàbù

Atọpinpin, ọmọ mi, o kú oríire. Méjì gbani lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí n tètè sọ pé n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Láàbù àwọn ọmọ ọdún kìíní àti ìkejì ni mo ń tọ́jú, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Èmi ni mo ń to ẹ̀rọ síta láàárọ̀, èmi ni mo ń ká waya nírọ̀lẹ́, èmi náà ni wọ́n ń pè tí osilosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná mànàmáná, bá kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá, ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ, gbogbo wọn ló ń gba iwájú mi kọjá. Ojú tí mo fi ń wo ẹ̀ka físíìsì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn tó ń ka àmì ojú ewé. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: níbí yìí, ibo ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń dé?

Láàbù ọdún kìíní ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. O máa ní oyè ọ̀mọ̀wé ni ìwọ ń bọ̀ wá gbà, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀. Ó kàn ọ́ gan-an. Àwọn olùkọ́ kan náà ni, ìwà kan náà sì ni wọ́n ń gbé láti yàrá kan bọ́ sí èkejì.

Wo péńdúlọ̀mù tí gbogbo ayé fi ń wọn g, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sísàlẹ̀ tó. Okùn mítà kan, bọ́ọ̀lù irin nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń fì lọ ó ń fì bọ̀. Ìfì kan, lílọ àti bíbọ̀, ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìka ọmọ tó ń tẹ aago lè fi ìdá 0.2 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ tàbí yá jù. Tó bá jẹ́ ìfì kan ṣoṣo ló wọ̀n, ìṣìnà 10% ti wọ inú àkókò náà, g tó máa ṣírò jáde lè ṣìnà tó 20%. Ṣùgbọ́n tó bá ka ogún ìfì pọ̀, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá ogójì, ìka rẹ̀ kan náà kò lè ba g jẹ́ ju bíi 1% lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ó kọ́ nìyẹn. Ìdáhùn, 9.81, ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó bí i.

Àmọ́ mo ti rí ibi tí èèyàn ti ń gba ìwé práńtíkà, ìyẹn ìwé àbọ̀ iṣẹ́ láàbù, ọgbọ̀n ọmọ, tí gbogbo wọn kọ 9.81. Ọmọ tó wọn ogún ìfì kọ 9.81. Ọmọ tó wọn ìfì kan kọ 9.81. Ọmọ tí okùn rẹ̀ já tí kò tún un so, òun náà kọ 9.81! Wọ́n ti mọ̀ pé ìdáhùn tó bá ìwé mu ni wọ́n ń fún ní máàkì, wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Níbòmíràn, ọmọ kan á kọ 9.5, á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé igun dìgírì 30 ni òun ti jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì, bẹ́ẹ̀ igun kékeré ni ìlànà inú ìwé wà fún. Òtítọ́ ló sọ. Tí péńdúlọ̀mù bá fì láti dìgírì 30, àkókò rẹ̀ á fi bíi 1.7% gùn sí i, g á sì jábọ̀ sí nǹkan bíi 9.5. Ọmọ yẹn ló yẹ kó gba máàkì tó ga jù ní yàrá náà, òun sì ni mo lè fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá lésà kí n lọ sùn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ́. Ní 2017, Natasha Holmes, Carl Wieman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo kíláàsì láàbù mẹ́sàn-án ní yunifásítì mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti fi láàbù ti ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì lẹ́yìn. Wọ́n fi máàkì àwọn tó ṣe láàbù wé ti àwọn tí kò ṣe é. Nínú ìdánwò, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé wọ̀n. Wieman yìí gba Nobel físíìsì ní 2001, tó bá jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ lo fẹ́. Láàbù tí wọ́n ti kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan púpọ̀. Èyí tí ọmọ ti ń pinnu nǹkan fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di oníṣẹ́ físíìsì.

Nítorí náà, ní kí Ńlá àti Kékeré fi ìwé práńtíkà ọmọ kan hàn ọ́, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Wo ibi tí pẹ́ẹ̀nì pupa olùkọ́ dúró sí.

Ó ku ti orúkọ láàárín ẹgbẹ̀rún. Ní 2015, ATLAS àti CMS, ẹgbẹ́ ńlá mìíràn ní CERN, pa iṣẹ́ wọn pọ̀ láti sọ bí ègé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Higgs boson ṣe wúwo tó. Ìwé náà jẹ́ ojú ewé 33. Físíìsì gba mẹ́sàn-án níbẹ̀. Mẹ́rìnlélógún tó kù jẹ́ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti wá, 5,154 ni orúkọ náà. A, B, D ni wọ́n fi tò wọ́n. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ kò ní wá orúkọ rẹ níbẹ̀. Yóò gbé ojú sókè ni, yóò ní: nínú gbogbo èyí, kí ni ìwọ ṣe? Ẹ̀ka tí kò bá lè jẹ́ kí o rí èsì sí ìbéèrè yẹn, àmì CERN ojú ewé wọn kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ níwájú wọn.

---

Abẹ́_Ilẹ̀_100m

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọ̀rọ̀ péńdúlọ̀mù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti kọ 9.81 rí bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn èèyàn mi díẹ̀. Mo ṣe oyè ọ̀mọ̀wé mi nínú ATLAS.

Ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé bọ́ sínú orúkọ yẹn. Kí wọ́n tó kọ orúkọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan fún ẹ̀rọ náà tàbí fún kóòdù tó ń darí rẹ̀, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọdún kan. Tèmi jẹ́ yíyẹ àwọn ibi tó ti kú wò lára dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú àmì ohun tó bá kọjá nínú rẹ̀, láti mọ èyí tí a lè fọkàn tán àti èyí tí a máa pa tì. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni, kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àmọ́ láti ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí nọ́ńbà inú fáìlì túmọ̀ sí gan-an kó tó di gíráàfù.

Ẹ tún wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Òbìrí LHC, ẹ̀rọ CERN tó ń mú kí àwọn ègé kékeré sáré kọlu ara wọn, gùn ní kìlómítà 27, ó wà ní bíi ọgọ́rùn-ún mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ láàárín Switzerland àti Faransé. Ìdìpọ̀ próótọ́ọ̀nù ń pàdé ara wọn nínú rẹ̀ ní bíi mílíọ̀nù ogójì ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tọ́jú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ló ń yan ìwọ̀nba díẹ̀, tó ń da ìyókù nù títí láé. Ẹni tó kọ ìlànà ìyàn yẹn, tó bá ṣì í kọ, ohun tí gbogbo wa ń wá ti lọ nìyẹn. Ẹ wá sọ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò dé ibẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wa tó ń kọ ọ́.

Kí a tó gbà ọ́ láàyè láti wo ibi tí ohun tuntun lè fara pamọ́ sí nínú dátà, wàá kọ́kọ́ ṣe gbogbo ìṣirò rẹ pẹ̀lú ibẹ̀ ní bíbò. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rárá á wá da ìbéèrè bò ọ́ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ní ó dáa, ṣí i. Bàbá, ìyẹn ni ọ̀nà tí àwa fi ń ṣọ́ra fún 9.81.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Atọpinpin ti bà mí lẹ́rù ni akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kò lè ka kóòdù rẹ, má tan ara rẹ. Postdoc, ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí fún ìgbà díẹ̀, ló máa kà á. Bèèrè bóyá postdoc wà, kí o tún bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí. Nígbà tèmi, ẹni tó mọ kóòdù wa jù gba iṣẹ́ síbòmíràn láàárín ọdún kejì mi, ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó rí orí àti ìdí ohun tó fi sílẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nínú ẹgbẹ́ kékeré, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń gba orúkọ. Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ni ní Cambridge ní 1967. Ó wà lára àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run nínú pápá. Òun ló ń ka ìwé gígùn tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde, òun ló rí àmì kékeré kan tí kò yé e, tó kọ̀ láti gbójú fò ó. Pọ́sà (pulsar) àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé rí nìyẹn, irú ìràwọ̀ tó ń yí tó ń rán àmì rédíò wá léraléra. Orúkọ márùn-ún péré ló wà lórí ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1968, tirẹ̀ ló ṣe ìkejì. Ní 1974, Nobel lọ sọ́dọ̀ alábòójútó rẹ̀, Antony Hewish, àti Martin Ryle. Ní 2018 ni wọ́n wá fún un ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, gbogbo rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lọ́wọ́. Èmi kì í tètè gbàgbé ìtàn yẹn, pàápàá gẹ́gẹ́ bí obìnrin.

---

Sáré_Tete

Ẹ̀yin tún kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi hàn pé òótọ́ ni mo sọ: Ńlá.

---

Bàbá_Láàbù

@Abẹ́_Ilẹ̀_100m, ọmọ mi, o ṣeun. Dída dátà nù yẹn, n kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo gbà fún ọ lórí gbogbo rẹ̀. Ibi tó ti kú lára dítẹ́kítọ̀ tí o yẹ̀ wò, ṣé o rí i pé iṣẹ́ láàbù ni? Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn. Ọwọ́ rẹ dé ibẹ̀.

@Sáré_Tete, ìwọ dákẹ́ ná.

---

Afìṣiròṣeré

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà ni tèmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi sún mọ́ ti Kékeré.

Àkọ́kọ́, bí a ṣe ń mọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tòótọ́. Ìwé àdéhùn tí àwọn ọ̀gá méjì bọwọ́ lé, tí wọ́n ya fọ́tò sí, kì í ṣe ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Lọ sórí arXiv, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìwádìí sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 1991. Wá orúkọ àwọn olùkọ́ Kékeré. Wò ó bóyá àwọn ará òkèèrè kan náà ń padà wá sórí ìwé wọn lọ́dọọdún, tàbí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò tún yọjú mọ́. Wo ẹni tó ṣe àkọ́kọ́ lórí ìwé náà. Nínú ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwọn, ìtò náà ní ìtumọ̀: ẹni tó ṣe iṣẹ́ jù ló sábà máa ń síwájú, alábòójútó á wà lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń síwájú ní gbogbo ìgbà, sá.

Ìkejì, sínkírótírọ́ọ̀nù. Àwọn tí kò lò ó rí rò pé àjọṣe ńlá kan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Rárá o. Ìwé ni wàá kọ, ojú ewé díẹ̀, nípa ohun tí o fẹ́ wọ̀n àti ìdí tí ẹ̀rọ ilé kò fi lè wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ á fún un ní máàkì. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á fún yín ní ìwọ̀nba wákàtí, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n sábà ń pín in, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá máa gbé èsì rẹ̀ jáde fún aráyé kì í sanwó ẹ̀rọ. Sínkírótírọ́ọ̀nù ESRF tó wà ní Grenoble ní Faransé, tí òbìrí rẹ̀ jẹ́ mítà 844, irú ọ̀nà yìí ni ẹ̀ka físíìsì kékeré ń gbà wọ ibẹ̀. Olùkọ́ mẹ́sàn-án tó ń rí ìwé wọn gbà lemọ́lemọ́, èmi bọ̀wọ̀ fún wọn ju ẹ̀ka ogójì tí orúkọ ń gbé kiri.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ láàárín òru. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ sùn. Àpẹẹrẹ rẹ kò dúró dáadáa, X-ray kò bọ́ sójú rẹ̀, wákàtí rẹ ń lọ. Ìpinnu tí o bá ṣe ní aago mẹ́ta òru yẹn ló máa di orí kẹta ìwé oyè rẹ. Èmi tí mo jókòó sílé ń retí dátà, mo máa ń mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ láti ara àkọsílẹ̀ rẹ̀.

---

Atọpinpin

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Orí mi ti ń kún. Mo ti wo arXiv: ìwé méje tí Kékeré gbé jáde lẹ́nu ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí, akẹ́kọ̀ọ́ ló síwájú lórí márùn-ún, àwọn ará òkèèrè kan náà ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn.

Bàbá, ẹ kò tíì dáhùn ti ìkọ́ni o. Ọdún méjì! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ńlá á ti máa kọ ìwé nígbà tí èmi ń ṣàlàyé waya fún ọmọ ọdún kìíní.

---

Bàbá_Láàbù

Máa rọra sọ̀rọ̀ waya, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni.

Ó dáa, ìkọ́ni. Kí n sọ ti Rainer Weiss, onífísíìsì kan, fún ọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ Einstein lórí gravity. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi í nípa ẹ̀rọ tí Joseph Weber fi ń wá ìgbì gravity, pé báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò rí i ṣàlàyé bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá gbé ìbéèrè kan tó rọrùn kalẹ̀ fún kíláàsì: ká ní a fi ìmọ́lẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì tí kò so mọ́ ohunkóhun, kí ni ìgbì náà máa ṣe sí àlàfo yẹn? Ìbéèrè kíláàsì ni o. Kò jẹ́ kó sinmi. Ní 1972 ó kọ ìròyìn kan tó to gbogbo ariwo tó lè ba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2015, LIGO, ẹ̀rọ tí wọ́n fi èrò yẹn kọ́, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà mẹ́rin, rí ìgbì tó wá láti ọ̀dọ̀ ihò dúdú méjì tó kọlu ara wọn ní bíi bílíọ̀nù 1.3 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ ní orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2017 Weiss àti àwọn méjì míràn gba Nobel lórí rẹ̀. Ọmọ kíláàsì tó bèèrè ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò lè dáhùn ló tanná ràn án.

N kò sọ pé ìwọ náà máa rí Nobel nídìí waya. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbà tí ọmọ kan bá bi ọ́ ní ìdí tí a fi ń pín àṣìṣe pẹ̀lú gbòǹgbò N (N ni iye ìgbà tí a wọn nǹkan), tí o sì rí i pé ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, o kàn ń lò ó ni, wàá lọ kọ́ ọ lóru yẹn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tó yí gíráàfù ìwé oyè rẹ̀ padà nítorí ìbéèrè ọmọ ọdún kìíní. Mo wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ yí padà.

Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ìkọ́ni jẹ ọ́ níyà, má ṣe gba gbogbo ẹnu olórí ẹ̀ka. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Ṣé ìgbà tí o máa fi máàkì síwèé wà nínú rẹ̀? Ṣé àwọn ló máa kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ni, àbí wọ́n á kàn tì ọ́ wọ yàrá? Ọ̀nà ìkọ́ni ní ìwọ̀n tirẹ̀ náà. Ní 1998, Richard Hake kó èsì kíláàsì físíìsì 62 jọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nínú gbogbo ohun tó kù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ nípa ipá àti ìṣípòpadà, bíi 23% ni wọ́n jèrè. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n ń sọ èrò wọn jáde, 48% ni. Ìlọ́po méjì! Bí olórí ẹ̀ka Kékeré bá mọ nípa irú nǹkan báyìí, ìkọ́ni ibẹ̀ máa ṣe ọ́ láǹfààní. Bí kò bá mọ̀, a jẹ́ pé ó kàn ń wá ọwọ́ tí kò ní san owó fún ni.

---

Atọpinpin

Mo ti kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, mo bèèrè gbogbo ohun tí ẹ ní kí n bèèrè. Èsì ti dé.

Ńlá: ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn, kúkúrú, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan pa mọ́. Postdoc méjì ló wà, iṣẹ́ ọ̀kan á parí lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dárúkọ iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó gbà kẹ́yìn ṣe kí orúkọ wọn tó wọlé: ọ̀kan lórí kóòdù ìyàn tí ẹ̀gbọ́n Abẹ́_Ilẹ̀ sọ, méjì lórí dítẹ́kítọ̀. Ìkọ́ni kì í ṣe dandan lọ́dọ̀ wọn. Ìwé práńtíkà, ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ mọ́, pé kí n bi ọ́fíìsì.

Kékeré: wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀, máàkì wà nínú rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan á ṣáájú. Wọ́n fi ìwé práńtíkà méjì ránṣẹ́. Nínú ọ̀kan, ọmọ náà rí 9.4, olùkọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Láti ibo lo ti wọn okùn, orí bọ́ọ̀lù ni àbí àárín rẹ̀?" Ọmọ náà padà lọ wọ̀n ọ́n, ó lẹ àbájáde kejì mọ́ ìwé náà. Máàkì rẹ̀ dára. Àwọn ọmọ ọdún kẹta wọn sì ń kọ́ dítẹ́kítọ̀ fúnra wọn fún myúọ́ọ̀nù, ègé kékeré kan tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, wọ́n ń fi wọn bí myúọ́ọ̀nù ṣe ń pẹ́ tó kó tó tú ká, ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Ọkàn mi ti ń fà sí Kékeré. Ṣùgbọ́n wọn ò dáhùn ìbéèrè kan tí mo fi kún un fúnra mi: tí ìgbìmọ̀ sínkírótírọ́ọ̀nù bá kọ ìwé wa, kí ni mo máa fi oṣù mẹ́fà yẹn ṣe?

---

Bàbá_Láàbù

Àárín bọ́ọ̀lù! Jọ̀ọ́, bá mi kí olùkọ́ yẹn.

Ìbéèrè rẹ ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tún un kọ sí wọn báyìí: ẹ̀rọ wo ló wà nílé? Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ X-ray kékeré tiyín tí èèyàn lè fi yẹ fíìmù wò kó tó gbé e lọ sókè òkun? Ta ló ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́? Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan pàtó, tí ẹni náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, láàbù tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní "a máa pe ilé-iṣẹ́ tó tà á", bèèrè ìgbà tí wọ́n pè wọ́n gbẹ̀yìn.

---

Afìṣiròṣeré

Kí o fi èyí kún un: ṣé o lè ṣe ìṣirò orí kọ̀ǹpútà fún fíìmù kan náà nígbà tí o bá ń dúró? Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹ̀ka tó ní àwáwí. Ẹni tó bá lè wọ̀n ọ́n, tó tún lè ṣírò rẹ̀, kò wọ́pọ̀.

---

Atọpinpin

Mo ti fi ránṣẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ Ẹtì ni Ńlá fẹ́ gbọ́ èsì mi, Kékeré kì í sì í yára dáhùn.

---

Abẹ́_Ilẹ̀_100m

Kọ̀wé sí Ńlá lónìí, kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Má ṣàlàyé jù, ìlà méjì tó. Wọ́n máa ń fúnni. Tí wọ́n bá sì gbà, bèèrè ọ̀kan sí i lọ́wọ́ wọn: èwo nínú postdoc méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ̀ máa parí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó mọ kóòdù ìyàn ni àbí ìkejì rẹ̀.